Nígbà tí kò sí ẹlẹ́rìí, òkúta ló ń rojọ́

Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Òwe yìí ni àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti òkúta fi ń jẹun. Bí ohun kan bá bú gbàmù lóru, tí ilẹ̀ mọ́ tí wọ́n bá kòtò, eérú tàbí òkú nílẹ̀, tí kò sì sí ẹni tó ṣojú rẹ̀, àwọn ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ pè kí wọ́n wá sọ ohun tó fà á. Iṣẹ́ wọn jọ ti ọlọ́pàá tó ń wádìí ọ̀ràn. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé òkúta, omi, igi àti afẹ́fẹ́ ni ẹlẹ́rìí tiwọn.

Ní Ìsánlú, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Yàgbà ní ìpínlẹ̀ Kogi, irú ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀ kò jìnnà sílé. Ẹni tó bá gba ọ̀nà Mópà wọ ìlú náà yóò rí i pé àpáta ló yí àwọn ará ibẹ̀ ká. Ilẹ̀ náà ní wúrà, àwọn ọ̀dọ́ sì ń gbẹ́ ẹ nínú odò àti nínú kòtò. Lára àwọn òkúta agbègbè yìí, tó nà dé Ẹ̀gbẹ̀, ni òkúta dúdú líle kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní amphibolite. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lè gbé ìkòkò ọbẹ̀ lé e lórí kó máa dáná lọ. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ tó ti yẹ̀ ẹ́ wò sọ pé iná ló bí òkúta yìí: òkúta yíyọ́ ni tẹ́lẹ̀, irú èyí tó ń tú jáde láti inú ilẹ̀ níbi tí òkè ayọnáyèéfín bá wà. Ìgbà tó yá ni ilẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀, tí ooru àti ìwúwo sì yí i padà di ohun tó dà lónìí.

Ta ló wà níbẹ̀ nígbà tí ó ń tú jáde? Kò sẹ́nì kankan. Ó ti lé ní 500 mílíọ̀nù ọdún, kí ẹnikẹ́ni tó dé orí ilẹ̀ ayé. Síbẹ̀, ohun tó wà nínú òkúta náà bá ti basalt mu, ìyẹn òkúta dúdú tí òkè ayọnáyèéfín ń tú jáde títí di òní, ohun náà ló sì tú àṣírí. Bí wọ́n bá lè ka ìtàn tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lára òkúta Ìsánlú, kò yẹ kó yani lẹ́nu pé wọ́n lè ka ìtàn ohun tó ṣẹlẹ̀ lóru àná.

Àmọ́ ti àná gan-an ló máa ń le jù. Òkúta àtijọ́ kò pa ẹnikẹ́ni lára mọ́. Ní ti òru àná, àwọn ènìyàn ń dúró kí wọ́n gbọ́ bóyá àwọn lè padà sílé, tàbí kí wọ́n máa kẹ́rù wọn lọ.

Iná, omi tàbí gáàsì?

Tí òkè kan bá bú díẹ̀, tí kò sì ṣojú ẹnikẹ́ni, ìbéèrè mẹ́ta ni àwọn onímọ̀ máa ń kọ́kọ́ bi ara wọn. Ṣé òkúta yíyọ́ tuntun ló gòkè wá látinú ilẹ̀? Ṣé omi ló gbóná lábẹ́ ilẹ̀ títí tó fi di ooru, tí ooru náà sì gbé ilẹ̀ fò? Àbí gáàsì ni, tó kó ara rẹ̀ jọ síbì kan tó sì jáde lẹ́ẹ̀kan náà?

Obìnrin tó ń se ẹ̀wà lórí iná mọ èkejì dáadáa. Bó bá de ìkòkò pa pinpin, ooru inú rẹ̀ yóò ti ọmọrí dànù. Kì í ṣe pé iná wọ inú ìkòkò. Omi ló gbóná tí kò ríbi gbà. Bẹ́ẹ̀ náà ni omi abẹ́ ilẹ̀ ṣe ń ṣe níbi tí òkúta gbígbóná bá wà nítòsí. Ìbúgbàmù irú èyí lè ju òkúta ńlá sókè kó sì pa ènìyàn, láìjẹ́ pé iná kankan jáde.

Eérú ni wọ́n fi ń mọ ìyàtọ̀. Wọn yóò bu ú sábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. Bí òkúta yíyọ́ tuntun bá jáde, ó máa ń tutù kíákíá nínú afẹ́fẹ́, á sì di ègé gíláàsì wẹ́wẹ́ tó ń dán, tó mú, tó sì máa ń ní ihò kéékèèké lára nítorí gáàsì tó jáde nínú rẹ̀. Bí wọn kò bá rí irú gíláàsì yìí, tó jẹ́ kìkì òkúta àtijọ́ tó fọ́ àti amọ̀ ni wọ́n rí, wọ́n mọ̀ pé omi gbígbóná ló ṣiṣẹ́ náà. Òkè náà kàn fọ́ ara rẹ̀ ni, kò bí òkúta tuntun.

Lẹ́yìn eérú, wọn yóò wo ibi tí àwọn òkúta tó fò bọ́ sí. Òkúta tó bọ́ sílẹ̀ máa ń gbẹ́ ihò tirẹ̀. Bí wọ́n bá wọn ìtóbi òkúta náà àti bó ṣe jìnnà sí ẹnu kòtò, wọ́n lè ṣírò agbára tó jù ú. Wọn yóò wo igi àti koríko: bí wọ́n bá jó di èédú, ooru ńlá kọjá níbẹ̀, bí wọ́n bá wó sílẹ̀ láìjó, afẹ́fẹ́ tàbí omi ló bì wọ́n. Wọn yóò gbóòórùn imí-ọjọ́. Wọn yóò bu omi odò àti ti ìsun wò. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò lọ síbi ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ìmìtìtì ilẹ̀, nítorí ẹ̀rọ kì í sùn, ó sì máa ń kọ wákàtí àti ìṣẹ́jú sílẹ̀.

Òru ọjọ́ kan ní New Zealand

Àpẹẹrẹ kan tó yéni yékéyéké ṣẹlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè New Zealand. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ ọdún 2012, nígbà tó kù díẹ̀ kí aago méjìlá òru lù, ẹnu kòtò kan tí wọ́n ń pè ní Te Maari bú lára òkè Tongariro. Ó ti lé ní 100 ọdún tí ẹnu kòtò náà ti dákẹ́. Ìgbà òtútù ni, òkùnkùn sì bo gbogbo òkè. Òkúta fò lu òrùlé Ketetahi, ilé tí àwọn tó ń rìn lórí òkè náà máa ń sùn sí nígbà náà, ó sì dá a lu títí dórí ibùsùn. Orí ló kó wọn yọ tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú ilé náà lóru ọjọ́ yẹn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, eérú ti dé ojú ọ̀nà mọ́tò. Ohun tí gbogbo ará ìlú fẹ́ mọ̀ ni bóyá òkè náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni. Àwọn onímọ̀ yẹ eérú náà wò, wọn kò rí òkúta yíyọ́ tuntun nínú rẹ̀. Wọ́n tún rí i pé apá kan lára òkè náà ti ya lulẹ̀. Wọ́n wo àkọsílẹ̀ àwọn ẹ̀rọ, wọ́n sì rí i pé ilẹ̀ tó ya yẹn ló ṣáájú, ìbúgbàmù ló tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ náà wá yé wọn: ilẹ̀ tó ya ni ọmọrí ìkòkò. Nígbà tí ọmọrí ṣí, omi gbígbóná tó wà lábẹ́ rẹ̀ ru jáde lẹ́ẹ̀kan náà.

Kò ju ọdún mẹ́rin lọ lẹ́yìn náà tí ọ̀rọ̀ tó jọ bẹ́ẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè yẹn kan náà. Ní òru ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 2016, erékùṣù Whakaari tí ẹnikẹ́ni kì í gbé bú láìṣojú ènìyàn. Ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ìmìtìtì ilẹ̀ àti èyí tó ń gbọ́ ariwo inú afẹ́fẹ́ ni àwọn onímọ̀ fi mọ àkókò tó ṣẹlẹ̀, wọ́n sì fi ohun tó dà sílẹ̀ yí kòtò náà ká mọ bó ṣe rí. Ẹni tó bá rò pé ìbúgbàmù kékeré tí kò ṣojú ẹnikẹ́ni kò já mọ́ nǹkan kan, kó rántí pé erékùṣù yìí kan náà ló tún bú ní ọ̀sán ọjọ́ 9 oṣù kejìlá ọdún 2019. Àwọn tó wá ṣèbẹ̀wò wà lórí rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ènìyàn 22 ló bá a lọ.

Òkú sùn, ilé kò jó

Èyí tó sún mọ́ wa jù, tó sì dùn wá jù, ni ti Kamẹrúùnù. Orílẹ̀-èdè náà ní àwọn òkè ayọnáyèéfín tó tò lẹ́sẹẹsẹ láti inú òkun Àtìláńtíìkì wọ àárín ilẹ̀. Òkè Kamẹrúùnù fúnra rẹ̀ tú òkúta yíyọ́ jáde ní 1999 àti ní 2000. Inú àwọn kòtò tí irú àwọn òkè bẹ́ẹ̀ fi sílẹ̀ láyé àtijọ́ ni omi ti kún di adágún.

Ní àárọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ ọdún 1984, ènìyàn 37 kú lójú ọ̀nà kan lẹ́bàá adágún Monoun. Àwọn kan rò pé ọ̀tá ló fi májèlé pa wọ́n. Nínú ìròyìn tó jáde nípa ọ̀rọ̀ náà, àwọn tó wà nínú ọkọ̀ kan tó kú sójú ọ̀nà sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì ṣubú. Àwọn tó jókòó sí òkè ọkọ̀ ló yè. Ohun kékeré ni èyí létí ẹni tí kò mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rí ńlá ni. Ohun tó pa àwọn tó wà nísàlẹ̀ tí kò pa àwọn tó wà lókè wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló sì ń rìn. Haraldur Sigurdsson, onímọ̀ nípa òkè ayọnáyèéfín tó jẹ́ ọmọ Iceland, lọ wádìí ọ̀rọ̀ náà. Kò rí àmì pé òkè kan bú. Ohun tó rí ni omi tí gáàsì kún inú rẹ̀. Ó sọ pé omi adágún náà ló dojú dé, tó sì tu gáàsì rẹ̀ sílẹ̀.

Ọdún méjì péré lẹ́yìn náà ni ti Nyos ṣẹlẹ̀. Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún 1986, ohun kan jáde láti inú adágún Nyos ní àríwá ìwọ̀-oòrùn Kamẹrúùnù. Nígbà tí yóò fi di àárọ̀, nǹkan bí ènìyàn 1,746 ti kú ní Nyos, ní Cha, ní Subum àti ní àwọn abúlé mìíràn. Àwọn tó kú wà tó jìnnà tó kìlómítà 25 sí adágún náà. Màlúù àti ẹran ọ̀sìn tó tó 3,500 náà kú. Àwọn mìíràn kú sórí ibùsùn, àwọn mìíràn sí ìdí oúnjẹ. Àwọn tó yè jí lẹ́yìn ọ̀pọ̀ wákàtí, wọ́n sì rí i pé gbogbo ará ilé wọn ti lọ.

Àwọn onímọ̀ dé láti Amẹ́ríkà, Faransé, Ítálì, Jàpáànù àti orílẹ̀-èdè mìíràn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi pín sí ọ̀nà méjì.

Haroun Tazieff, gbajúgbajà onímọ̀ nípa òkè ayọnáyèéfín ní Faransé, àti àwọn tó gbè é lẹ́yìn sọ pé òkè ló bú lábẹ́ omi. Wọ́n ní ẹ̀rí tiwọn. Àwọn tó yè sọ pé àwọn gbọ́ ariwo. Wọ́n sọ pé àwọn gbóòórùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́ tàbí bí ẹ̀tù ìbọn. Àwọn kan ní egbò lára tó jọ pé iná jó wọn. Omi adágún tó mọ́ lóló tẹ́lẹ̀ ti pọ́n bí epo. Ní apá gúúsù adágún náà, omi ti ru gòkè tó mítà 25, ó sì ti wó koríko àti igi.

Àwọn tó dúró ní ọ̀nà kejì, tí George Kling ọmọ Amẹ́ríkà wà lára wọn, sọ pé rárá o. Kling ti dé àwọn adágún Kamẹrúùnù fún ìwádìí ní 1985, nítorí náà ọ̀rọ̀ omi wọn kò ṣàjèjì sí i. Wọ́n mú ẹ̀rí náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Wọ́n wọn ooru omi náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí òkè bá bú lábẹ́ rẹ̀, ó yẹ kí omi gbóná gan-an. Kò gbóná. Wọ́n wá imí-ọjọ́ nínú omi náà. Èyí tí wọ́n rí kéré jọjọ. Wọ́n wá eérú àti òkúta tuntun létí omi. Wọn kò rí. Ilé àwọn tó kú kò jó, koríko tó wó kò di èédú. Àtùpà wà nínú ilé tó ti kú, bẹ́ẹ̀ epo ṣì wà nínú rẹ̀. Iná àtùpà kì í kú nígbà tí epo ṣì wà nínú rẹ̀, àfi bí afẹ́fẹ́ tó ń mí bá tán.

Ti omi tó pọ́n ńkọ́? Irin ni. Omi ìsàlẹ̀ adágún ní irin tó ti yòrò sínú rẹ̀. Nígbà tó gòkè tó bá afẹ́fẹ́ pàdé, ó dógùn-ún bí àdá tí òjò pa. Ìyẹn gan-an tún jẹ́ ẹ̀rí pé ìsàlẹ̀ omi ti wá sókè. Ti òórùn ńkọ́? Ènìyàn tó bá mí carbon dioxide púpọ̀ sínú lè máa gbóòórùn ohun tí kò sí níbẹ̀. Àwọn egbò ńkọ́? Àwọn dókítà sọ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹni tó dákú tó sùn sójú kan fún ọ̀pọ̀ wákàtí ni awọ ara rẹ̀ bó bẹ́ẹ̀. Aṣọ tó wà lára wọn kò kúkú jó.

Wọ́n wá yẹ gáàsì náà fúnra rẹ̀ wò. Carbon dioxide ni, ó sì ní àmì pé láti inú ilẹ̀ lọ́hùn-ún, níbi tí òkúta yíyọ́ wà, ló ti wá. Nítorí náà Tazieff kò ṣìnà pátápátá: òkè ayọnáyèéfín ni orísun rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe alẹ́ ọjọ́ kan ló jáde láti inú ilẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló ń yọ́ wọ inú omi fún ọ̀pọ̀ ọdún. Adágún náà jìn tó mítà 208, ìwúwo omi tó wà lókè ló sì dé gáàsì mọ́ ìsàlẹ̀, bí ìdérí ṣe ń dé gáàsì mọ́ inú ìgò mínírà. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ohun kan ta omi jí. Ó lè jẹ́ ilẹ̀ tó ya sínú rẹ̀, ó lè jẹ́ òjò àti afẹ́fẹ́. Lórí ìyẹn ni ẹnu wọn kò tíì kò. Omi ìsàlẹ̀ gòkè, gáàsì hó jáde bí ìgbà tí èèyàn mi ìgò mínírà kó tó ṣí i. Nítorí pé ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ó ṣàn gba àfonífojì bí omi, ó sì bo àwọn tó ń sùn mọ́lẹ̀.

Ìdí tí orúkọ fi ṣe pàtàkì

Ní oṣù kẹta ọdún 1987, àwọn onímọ̀ láti káàkiri ayé pàdé ní Yaoundé láti yanjú ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n jiyàn gan-an. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lókèèrè lè rò pé ìjà àwọn ọ̀mọ̀wé lásán ni: ẹni tó kú ti kú, kí ló kù tí wọ́n ń jà lé lórí?

Ohun tó kù ni ẹ̀mí àwọn tó ṣì wà láyé. Bó bá jẹ́ pé òkè ló bú, kò sí ohun tí ọmọ aráyé lè ṣe ju kó sá lọ, nítorí kò sẹ́ni tó lè fi ọwọ́ dí ẹnu òkè. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé omi ló kó gáàsì jọ, a jẹ́ pé yóò tún kó o jọ, yóò tún pa ènìyàn, àti pé èèyàn lè fà á jáde kó tó pọ̀. Ìdáhùn kan sọ pé kí wọ́n sá. Èkejì sọ pé kí wọ́n ṣiṣẹ́.

Àwọn onímọ̀ ń padà lọ wọn omi náà lọ́dọọdún, wọ́n sì rí i pé gáàsì ń pọ̀ sí i nísàlẹ̀. Ìyẹn ló dá ẹjọ́ náà. Ní oṣù kìíní ọdún 2001, Michel Halbwachs, onímọ̀ ọmọ Faransé, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ri páìpù tó gùn ju mítà 200 lọ sínú adágún Nyos. Ẹ̀rọ fa omi ìsàlẹ̀ díẹ̀ gòkè nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, gáàsì fúnra rẹ̀ ló gbé omi sókè, tó tú u sínú afẹ́fẹ́ bí ìsun, nǹkan bí mítà 50 sókè nígbà náà. Wọ́n ṣe irú rẹ̀ sí Monoun ní 2003. Ní 2011, wọ́n fi páìpù méjì mìíràn kún ti Nyos. Gáàsì tó ń ṣe ikú pani tẹ́lẹ̀ ti wá di ohun tí wọ́n ń tú dànù díẹ̀díẹ̀.

Odò kò mọ ààlà

Ẹnikẹ́ni ní Kogi tó bá rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará Kamẹrúùnù ni èyí, kó wo ojú odò. Ògiri kan tí ìwà ayé mọ ló dí adágún Nyos lápá àríwá, ó ga tó nǹkan bí mítà 40. Ohun rírọ̀ tí òkè ayọnáyèéfín tú sílẹ̀ láyé àtijọ́ ni ògiri náà. Ní 1988, John Lockwood, onímọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kìlọ̀ pé bí ògiri yìí bá já, omi yóò ya wọ Nàìjíríà. Odò Katsina-Ala ló máa gbà. Katsina-Ala ń ṣàn wọ Benue, Benue sì ń lọ pàdé Ọya ní Lọ́kọ́jà, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Kogi.

Kò túmọ̀ sí pé omi Nyos yóò gbé Lọ́kọ́jà lọ. Àwọn tó wà nítòsí ààlà, ní Taraba àti Benue, ni ewu náà kọ́kọ́ dojú kọ. Ìdí nìyẹn tí ìjọba àpapọ̀ fi kọ́ dáàmù Kashimbila sórí odò Katsina-Ala ní ìpínlẹ̀ Taraba, kó lè gba omi náà dúró bó bá ṣẹlẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀rọ iná mànàmáná tó lè mú mẹ́gáwáàtì 40 jáde sí i. Ní Kamẹrúùnù pẹ̀lú, wọ́n ti fi símẹ́ńtì ti ògiri náà lẹ́yìn. Gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyí tẹ̀ lé àwọn tó lọ wo òkúta tí wọ́n sì gba ohun tó sọ gbọ́.

Ti Àkúrẹ́ náà wà níbẹ̀

Ní ilẹ̀ Yorùbá, kò sí òkè ayọnáyèéfín tó ń ṣiṣẹ́. Ní Nàìjíríà, àpá wọn wà ní Biu àti ní orí òkè Jọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n wọ́n ti sùn tipẹ́tipẹ́. Síbẹ̀, ariwo òru tí kò ṣojú ẹnikẹ́ni kò ṣàìdé ọ̀dọ̀ wa.

Ní nǹkan bí aago kan òru ọjọ́ 28 oṣù kẹta ọdún 2020, ohun kan bú gbàmù ní Ìlúàbọ̀, lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Ọ̀wọ̀. Ó gbẹ́ kòtò ńlá sójú títì, ó sì ba ilé púpọ̀, ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ẹ̀kọ́ jẹ́. Rótìmí Akérédolú, tó jẹ́ gómìnà ìpínlẹ̀ Oǹdó nígbà náà, sọ pé ohun abúgbàmù tí wọ́n ń kó lọ síbi tí wọ́n fẹ́ tọ́jú rẹ̀ sí ló bú lójú ọ̀nà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adékúnlé Adépélumí láti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, lọ síbẹ̀, òun sì sọ pé òkúta láti ojú sánmà ló já lulẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà di àríyànjiyàn jákèjádò orílẹ̀-èdè.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà yanjú ti Nyos náà ni wọ́n fi ń yanjú irú èyí. Òkúta tó bá já láti ojú sánmà máa ń fi ara rẹ̀ sílẹ̀, irin àti nickel sì sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ ohun abúgbàmù, ègé irin ọkọ̀ yóò fọ́n káàkiri, ojú oògùn rẹ̀ yóò sì wà nínú iyẹ̀pẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ìmìtìtì ilẹ̀, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ Centre for Geodesy and Geodynamics ní Toro, ìpínlẹ̀ Bauchi, ń bójú tó, lè kọ àkókò sílẹ̀. Ohun tó máa ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ ni kí ará ìlú rọ́ dé, kí wọ́n ṣa ohun tó wà nílẹ̀, kí katakata sì dí kòtò kí ẹnikẹ́ni tó wò ó dáadáa. Ẹlẹ́rìí tí wọ́n bá ti sin kì í rojọ́ mọ́.

Ẹ̀kọ́ fún Ìsánlú

Kò sí ìdí tí ará Ìsánlú fi gbọ́dọ̀ máa bẹ̀rù pé àpáta ẹ̀yìnkùlé òun yóò yọ iná. Iná tó wà nínú òkúta dúdú yẹn ti kú kí ayé tó di ayé. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n bá ti ń wa ohun àlùmọ́ọ́nì, ohun abúgbàmù kì í jìnnà. Ní ọjọ́ 16 oṣù kìíní ọdún 2024, nígbà tí ohun kan bú ní Bódìjà, Ìbàdàn, tó sì gba ẹ̀mí, Gómìnà Ṣèyí Mákindé sọ pé àwọn tó ń wa ohun àlùmọ́ọ́nì láìgbàṣẹ ló kó ohun abúgbàmù pamọ́ sínú ilé. Bí irú ariwo bẹ́ẹ̀ bá dún ní ilẹ̀ Okun, ohun tó yẹ kí ènìyàn ṣe kò le. Kó wo aago, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Kó má sún mọ́ kòtò. Kó má ṣa ohunkóhun nílẹ̀. Kó ké sí ọlọ́pàá àti ìjọba ìbílẹ̀. Bó bá ní fóònù tó lè ya fọ́tò, kó yà á láti òkèèrè.

Ẹ̀kọ́ kejì sì wà tó kan ẹni tó ń gbẹ́ kòtò wúrà àti ẹni tó ń gbẹ́ kànga. Gáàsì tó pa àwọn ará Nyos kò yàtọ̀ sí èyí tó lè kóra jọ sí ìsàlẹ̀ kànga tàbí kòtò jíjìn. Kò ní àwọ̀. Ìsàlẹ̀ ló máa ń dúró sí. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹnì kan máa ń wọlé tó ṣubú, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bọ́ síbẹ̀ láti gbé e, tí òun náà ṣubú, tí ẹnì kẹta sì tún tẹ̀ lé wọn. Àwọn ènìyàn yóò sọ pé ohun kan ló wà nínú kànga náà. Òótọ́ ni, ohun kan wà níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ burúkú ni. Àtùpà tí wọ́n bá fi okùn sọ̀ kalẹ̀ tó sì kú ti sọ̀rọ̀: kí ẹnikẹ́ni má wọ ibẹ̀. Bí àtùpà kò bá tilẹ̀ kú, kò tíì tó láti fọkàn balẹ̀, nítorí gáàsì mìíràn wà tí kì í pa iná tó sì lè pa ènìyàn. Ẹni tó bá sì ti ṣubú sínú rẹ̀, okùn ni kí wọ́n fi fà á jáde. Kí ẹlòmíràn má bọ́ sílẹ̀ tọ̀ ọ́.

Àwọn tó kú ní Monoun ní 1984 ti fi ẹ̀rí sílẹ̀ tó kìlọ̀ fún gbogbo ayé. Ọdún méjì péré ló wà láàrin wọn àti Nyos, kò sì tó àkókò kí ìkìlọ̀ náà tó délé. Láti ìgbà tí páìpù ti wọ inú omi, adágún méjèèjì kò tún pa abúlé kankan run.